Sísọ Ojú Abẹ Níkòó Nínú Ọjà Ilẹ̀ Lẹ́kkí àti Ajah

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ṣe tààrà jùlọ, ara ògiri ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún oní-gbájú-ẹ̀. Láti Jakande dé Sangotedo lẹ ó ti máa rí i lára fẹ́ǹsì àti géètì, gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yíjú sí pátákó ìpolówó tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ohùn á yí padà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Kò sí wàhálà ọmọ onílẹ̀. Excision ń lọ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí ojú títì. Irọ́ pọ́ńbélé kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àbọ̀ òótọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, òun náà ló sì ti sọ ọ̀pọ̀ olówó di ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù.

Kí ló dé tí òótọ́ tó délẹ̀délẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n nínú òwò ilẹ̀ àti ilé ní agbègbè yìí? Ta ló ń jẹ èrè àìsọ rẹ̀? Kí ni òfin ti ṣe sí i, kí ló sì kù? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí, láti ọ̀dọ̀ ìdílé tó ni ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba, dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á.

Ṣé ìwà ọmọlúàbí ló fà á?

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí: pé Yorùbá kì í sọ ohun gbogbo tán, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Wọn kò parí òwe náà ni. Ó ní tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Èyí já sí pé ẹni tí à ń sọ àbọ̀ fún ní ìdajì yòókù lọ́wọ́: ó mọ ìlú, ó mọ ìdílé, ó mọ ìjà tó ti wà nílẹ̀. Ọmọ Ajah tó ń ra ilẹ̀ ní Badore lè gbọ́ àbọ̀ kó mọ odidi. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Houston, kò ní ìdajì kankan lọ́wọ́. Bí a bá sọ àbọ̀ fún irú wọn, a ti fi ìwà ọmọlúàbí bojú hùwà mìíràn.

Àwọn àgbà wa pàápàá kò tan ara wọn jẹ lórí bí ọjà ṣe ń rí. Àwọn ló sọ pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kkí gan-an nìyẹn. Alágbàtà tó bá sọ fún oníbàárà pé ìjọba ṣì di ilẹ̀ yìí mú, pé omi máa ń dúró síbẹ̀ lóṣù Keje, á pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ ló ń gba owó àgbàtà.

Ilẹ̀ kan, olówó méjì

Bí a kò bá lọ sídìí ọ̀ràn, a ó kàn máa bú alágbàtà lásán ni. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí ilẹ̀ kan náà ní Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, àwọn méjì lè dìde pé àwọn ló ni ín, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́.

Àkọ́kọ́ ni ìdílé. Àwọn ìjòyè Ìdéjọ, aláfìlà funfun, ni olórí àwọn tó ni ilẹ̀ Èkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Onírù àti Olúmẹ́gbọ́n, tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì lẹ́kùn yìí, wà lára wọn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, kò gbà. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní 1920, nígbà tó sì di 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dájọ́ pé ìwé àdéhùn 1861 tí wọ́n fi gba Èkó kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, owó gbà-má-bínú sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ló ni ín lódindi. Títí dòní, ìdájọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní etíkun yìí ń fi yangàn.

Èkejì ni ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹta 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní ẹkùn yìí tó ti kéde pé òun ti gbà. Abúlé lè ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá gómìnà, síbẹ̀ kí máàpù tó wà ní Aláùsá, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, fi hàn pé ilẹ̀ ìjọba ni. Ọ̀nà àbáyọ tí òfin fi sílẹ̀ ni excision: abúlé á kọ̀wé, ìjọba á gé apá kan nínú ilẹ̀ náà padà fún wọn, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì. Apá tí ìjọba bá ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní committed, kì í sábà padà sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí olórí ẹbí bá ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni, kò purọ́. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kun ògiri yín pé ilẹ̀ ìjọba ni, òun náà kò purọ́. Àárín òótọ́ méjèèjì yìí ni owó ẹni tó ń rà ń rì sí.

Kí ni ọ̀rọ̀ ìpolówó ń sọ, kí ni kò sọ?

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò jù níkọ̀ọ̀kan.

"Excision ń lọ lọ́wọ́." Èyí kò ju pé ẹnì kan ti kọ̀wé sí ìjọba, tàbí pé wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé. Kò tíì sí ìyọ̀ǹda. Ó lè jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè má jáde láéláé, wọ́n sì lè fún abúlé ní ìdá kékeré nínú ohun tó béèrè. Ẹni tó ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ra ìrètí, ó sì yẹ kí iye tó san fún un jọ iye ìrètí.

"Ó ní gásẹ́ẹ̀tì." Ó dára. Ṣùgbọ́n gásẹ́ẹ̀tì ní ààlà. Bí wọ́n bá fún abúlé kan ní hẹ́kítà mélòó kan, àwọn ọmọ abúlé náà lè ti ta èyí tó wà nínú rẹ̀ tán, kí wọ́n máa ta èyí tó wà lóde rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan náà. Pé abúlé ní gásẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ìbéèrè. Ṣé ilẹ̀ tí mo dúró lé yìí wà nínú rẹ̀? Sọ̀féyọ̀ tó bá mú nọ́ńbà ojú ilẹ̀ náà lọ wo orí máàpù ìjọba nìkan ló lè dáhùn.

"Ó ní survey." Àwòrán ilẹ̀ ń sọ bó ṣe tóbi tó àti ibi tó wà. Kò sọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ya àwòrán màlúù kò di olówó màlúù. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà pàápàá ṣeé yà, kí wọ́n sì ri bíkínnì mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ó ní C of O." Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, ìwé tí àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún jù nìyí. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ ti ẹ̀sítéètì lódindi, kó má jẹ́ ti ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń tà fún yín. Abala 22 òfin 1978 sì ní ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ìwé yìí gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1989 fi hàn pé àìgba ìyọ̀ǹda yẹn lè sọ àdéhùn ńlá di òfo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé C of O tí wọ́n gbà sórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti ní ẹ̀tọ́ sí tẹ́lẹ̀ kò lè dúró.

"Ilẹ̀ gbígbẹ ni." Oṣù wo ni wọ́n mú yín lọ wò ó? Lẹ́kkí wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, yanrìn ni wọ́n sì fi kún ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Lóṣù Kínní, àbàtà pàápàá lè dà bí pápá bọ́ọ̀lù. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lóṣù Keje 2017, omi kún ọ̀pọ̀ òpópónà Lẹ́kkí àti Victoria Island débi tí ọkọ̀ fi ń léfòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé tó gun ojú ọ̀nà omi ní ìhà Ìkọtá, àwọn gọ́tà ńlá tí wọ́n ń pè ní System 156 àti 157. Lára àwọn tí wọ́n wó ilé wọn, àwọn kan wà tó ní ìwé lọ́wọ́.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún." Bóyá láago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ti há sójú ọ̀nà Ajah lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò nílò àlàyé.

Ìdílé àti àwọn ọmọ wọn

Òfin lórí títa ilẹ̀ ìdílé kò ṣòkùnkùn. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ kí wọ́n fagi lé e, bí àgbà ìdílé kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ sọ òótọ́ á dárúkọ olórí rẹ̀, á dárúkọ àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á sì buwọ́ lùwé lójú kan náà. Ibi tí wọ́n bá ti ní ẹ má wulẹ̀ yọ bọ̀ọ̀dá lẹ́nu, wọ́n ti gbà, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ dúró sí.

Ìjà ojúlé sí ojúlé tún wà níbẹ̀. Ajah alára ti rí ìjà ilẹ̀ tó gbẹ̀mí. Bí ìdílé bá ń ṣẹjọ́ lọ́wọ́, àfi kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè kí wọ́n tó sọ. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìwáṣẹ̀, ìwé, ìṣe onílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, pípẹ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó múlé gbè é. Márùn-ún ni, ojúlé méjì sì lè mú ọ̀kan-ọ̀kan dání, kí kálukú máa tà.

Èyí tó ń dun àwọn ènìyàn jù ni owó tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Wọ́n ta ilẹ̀ tán, wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà dé, àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú rẹ̀: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì, owó òrùlé. Òfin Ìdáàbòbò Dúkìá tí Gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ 2016 sọ gbogbo ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 dẹ́rù ba ẹni tó bá fi tipátipá gba dúkìá ẹlòmíràn. Ìgbìmọ̀ àkànṣe tó ń gbógun ti àwọn ajagungbalẹ̀ wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀. Òfin náà ní eyín. Bíríkìlà tó wà lórí ilẹ̀ láago méje àárọ̀ nìkan ni kò rí i.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ará ìlú ní òtítọ́ sísọ, kó kọ́kọ́ sọ òótọ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun, ìjọba fún àwọn ará Màrókò, àdúgbò kan ní ẹkùn yìí, ní ọjọ́ méje láti kó jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katakata dé. Àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀, wọ́n fojú bù wọ́n tó 300,000. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, òkun lè gbé e. Lónìí, ilé olówó gọbọi ló wà níbi tí wọ́n ní kò yẹ ká gbé, díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé sì rí ibi fàbọ̀ sí ní Ilasan àti Ìkọtá. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé omi ń dà wọ́n láàmú. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn náà ni wọn kò sọ.

Ti àìpẹ́ yìí ni ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar, tó tó kìlómítà 700, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024. Lọ́dún náà ni wọ́n wó ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ ní etíkun Landmark nítorí rẹ̀. Ní Okun-Ajah, àwọn onílé figbe ta pé ọ̀nà náà ti yà kúrò ní ìlà tó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì 2006 tí àwọn mọ̀, ó sì kọjú sí ilé àwọn. Mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, ní wáyà ìbánisọ̀rọ̀ tó gba abẹ́ òkun ló fa ìyípadà náà. Bóyá àlàyé yẹn tọ́ tàbí kò tọ́, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: níbo ni ará ìlú ì bá ti rí ìlà tuntun náà kó tó di pé katakata dé?

Ojúṣe ìjọba tún wà lórí ilé kíkọ́. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, 2016, ilé alájà márùn-ún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkátẹ̀, ó lé ní 30 ẹni tó bá a lọ. Ìjọba ní àwọn tó ń kọ́ ọ ti kọjá iye àjà tí àwọn fọwọ́ sí. Bí iye àjà tí ìjọba fọwọ́ sí bá wà lára pátákó níwájú gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́, aládùúgbò pàápàá lè kà á.

Ilé yíyá

Ayálégbé kò yọ sílẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sínú ìpolówó kì í ṣe iye tí ẹ ó san. Owó àgbàtà ń bọ̀, owó agíríméǹtì ń bọ̀, ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́pọ̀ ìgbà. Owó kọ́ṣọ̀n ń bọ̀, owó àbójútó ẹ̀sítéètì ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń béèrè, àwọn kan kò sì tíì jáwọ́.

Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ayálégbé náà kò sì gbọ́dọ̀ fi jù bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́. Owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún un. Àwọn onílé kan ní ẹkùn yìí máa ń sọ pé òfin yẹn kò kan àwọn olówó. Òfin dárúkọ ibi tí kò kàn: Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Lẹ́kkí kò sí níbẹ̀. Ajah kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ń rà náà

A kò lè parí ọ̀rọ̀ ká má kan oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé owó tí wọ́n pè kéré ju ti ilẹ̀ tó ní ìwé lọ, tí wọ́n sì mọ ìdí. Wọ́n ń tẹ́ tẹ́tẹ́ pé ìjọba kò ní rántí ibẹ̀. Àwọn kan á kọ iye tó kéré sínú ìwé kí owó ìyọ̀ǹda gómìnà lè dín kù. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, iye kékeré yẹn ni kóòtù á máa kà sí wọn létí. Àwọn tó wà lókè òkun á ní kí àbúrò bá wọn wo ilẹ̀. Àbúrò á wò ó láti inú ọkọ̀. Lóyà wà, sọ̀féyọ̀ wà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n á san fún wọn ń dùn wọ́n ju owó tí wọ́n fẹ́ kó sínú àbàtà.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é

Ìwà rere àwọn òyìnbó kọ́ ló mú òótọ́ rọrùn lọ́dọ̀ wọn. Fọ́ọ̀mù ni. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láti 1987 ni òfin ti ń béèrè pé kí ẹni tó ń ta ilé kọ gbogbo àbùkù tó mọ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé, kó sì buwọ́ lù ú. Ní England, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní TA6, tó ń bi onílé bóyá ìjà wà pẹ̀lú aládùúgbò, bóyá omi ti wọlé rí. Ẹni tó bá purọ́ nínú rẹ̀ ti fún ẹlòmíràn ní ẹ̀rí tí yóò fi mú un.

Èkó ti gbé ìgbésẹ̀ kan. Òfin 2021 ló fìdí LASRERA múlẹ̀, àjọ tó yẹ kí àwọn alágbàtà àti iléeṣẹ́ ilé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kí a mọ ẹni tó ń tajà. Ohun tó ń tà ló kù.

Ìdájọ́ wa

Iṣẹ́ mẹ́ta ló kù nílẹ̀. Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí máàpù ilẹ̀ tó ti gbà, èyí tó yà sọ́tọ̀ àti èyí tó dá padà, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ̀ yẹn bá wà nínú fáìlì, àwọn kan ni yóò máa tà á. Èkejì, kí LASRERA sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ìpolówó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́rin: ìjọba ṣì dì í mú, ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, ó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì báyìí, ojú ìwé báyìí, ó ní C of O tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí. Ìpolówó tí kò bá gbé ọ̀kankan, kí wọ́n wó pátákó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wó ilé. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn sọ̀féyọ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde lédè Yorùbá, irú èyí tí ìyá oníṣòwò lè mú lọ bá olórí ẹbí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ béèrè ta ni olórí ẹbí àti àwọn wo ni àgbà ojúlé. Ẹ béèrè bóyá ẹjọ́ wà ní kóòtù. Ẹ jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín gbà lọ wo nọ́ńbà ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè gbogbo owó tó kù láti san títí dé òrùlé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì lọ wo ilẹ̀ náà nígbà òjò. Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn. Ẹ dé Aláùsá kí ẹ tó dé báńkì.